Omi oní-ẹ̀rún nánò nínú mẹ́ńbírénì okùn oníhò: kí ló ń mú kí CO2 tí omi ń gbà máa já wálẹ̀?

Kẹ́mí_Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ní ìbéèrè lórí gbígba CO2 kúrò nínú èéfín.

Mẹ́ńbírénì wa jẹ́ okùn polypropylene (irú ike kan) tí inú rẹ̀ ṣófo. Ihò ara rẹ̀ tó 0.2 µm, ògiri rẹ̀ nípọn tó 50 µm, inú okùn fẹ̀ tó 220 µm, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 25 cm. Gáàsì tó jẹ́ CO2 15% àti nitrogen 85% ń gba ẹ̀yìn okùn. MEA 30% (monoethanolamine, amáìnì tó ń gba CO2) tí a po ẹ̀rún alumina 20 nm mọ́, 0.1% ní ìwọ̀n, ń gba inú okùn, ó sì ń yípo padà sínú ìkòkò kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, omi náà ń gba CO2 ju MEA lásán lọ díẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ó já wálẹ̀ títí tó fi kéré sí ti MEA lásán tí wọ́n lò lọ́nà kan náà. Ṣé ẹ̀rún ló fà á ni, àbí mẹ́ńbírénì?

OníPọ́ǹpù

Kẹ́mí, kí a tó fẹ̀sùn kan ẹ̀rún, ẹ jẹ́ ká wo ihò mẹ́ńbírénì ná. Polypropylene oníhò kì í yan gáàsì. CO2 àti nitrogen, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ya omi àti gáàsì sọ́tọ̀, kó sì fún wọn ní ojú tó fẹ̀ tí wọ́n á ti pàdé. MEA ló ń yan CO2. Nítorí náà gáàsì ló gbọ́dọ̀ kún inú ihò. Bí omi bá wọ ibẹ̀, iṣẹ́ bàjẹ́.

CO2 ń tàn kálẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí 1.6 × 10⁻⁵ m²/s. Nínú omi, nǹkan bí 1.9 × 10⁻⁹ péré ni. Ìyẹn ju ìlọ́po 8,000 lọ. Ẹ wá mú ògiri okùn yín tó jẹ́ 50 µm: bí omi bá wọ 5 µm péré nínú rẹ̀, ìdènà 5 µm yẹn ju ti 45 µm tó ṣì gbẹ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 900, bí a bá ka ìtànkálẹ̀ nìkan. MEA tó wà nínú ihò máa ń gbà lára CO2 lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣàn. Ó dúró sójú kan, CO2 á lò ó tán, tuntun kò sì tètè wọlé rọ́pò rẹ̀.

Ìfúnpá tí omi nílò kó tó wọ ihò nìyí: ΔP = −4γ cosθ / d. γ ni agbára ojú omi, θ ni igun tí omi fi jókòó lára mẹ́ńbírénì, d ni fífẹ̀ ihò tó tóbi jù lọ. Ihò tó tóbi jù lọ ni mo wí, kì í ṣe ìpíndọ́gba tí wọ́n kọ sára páálí. Omi lásán lórí ihò 0.2 µm, γ 0.072 N/m, θ 110°: ó lé díẹ̀ ní 4.9 bar. MEA 30% tó ní γ bíi 0.060, tí igun sì ti wálẹ̀ sí 100° nítorí pé amáìnì ń rọ ojú polypropylene: nǹkan bí 2.1 bar. Bí ihò kan bá wà níbẹ̀ tó jẹ́ 0.4 µm, ẹ pín in sí méjì.

Ẹ̀rún alumina fẹ́ràn omi. Tó bá lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò, igun yẹn á tún wálẹ̀ sí i.

Ìyá_Láàbù

Ọ̀rọ̀ OníPọ́ǹpù dára, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ihò ló kọ́kọ́ ṣẹ̀. Alumina ni ẹ lò. Àyíká pH 8 sí 9 ni agbára iná ara alumina ti máa ń di òdo. MEA tuntun wà ní nǹkan bí pH 12, ẹ̀rún ní iná tó pọ̀ lára níbẹ̀, wọ́n ń ti ara wọn sẹ́yìn, omi náà sì dúró dáadáa. Bí CO2 ṣe ń wọlé, pH ń lọ sílẹ̀ sí 9, sí 8. Ibi tí ẹ̀rún ti ń pàdánù iná ara rẹ̀ gan-an lẹ ń wakọ̀ lọ. Kò yà mí lẹ́nu pé ó dára ní ìbẹ̀rẹ̀ kó tó bàjẹ́.

Ohun kejì ni iyọ̀. Tí MEA 30% bá ti gba CO2 tó 0.4 mol fún mol amáìnì kan, ìwọ̀n iyọ̀ inú rẹ̀ á tó nǹkan bí 2 mol/L. Ìpele iná tó yí ẹ̀rún ká á wá fún mọ́ra títí di nǹkan bí 0.2 nm. Nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.01 mol/L, ìpele yẹn jẹ́ 3 nm. Ẹ rí i pé zeta potential (ìwọ̀n agbára iná ara ẹ̀rún) tí ẹ bá wọ̀n nínú omi lásán, kódà kó kọjá 30 mV, kò sọ nǹkan kan fún yín nípa omi tó ti gba CO2. Ohun tí mo sì máa ń rí nínú àbájáde tí wọ́n ń gbé jáde nìyẹn: wọ́n á wọ̀n ọ́n nínú omi lásán, wọ́n á wá lò ó nínú MEA.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá silẹ̀ nínú ìkòkò yín ló máa sọ òótọ́. Ẹ da omi inú rẹ̀ jáde pẹ̀lẹ́, kí ẹ wo ìsàlẹ̀.

Kẹ́mí_Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ ṣeun, Ìyá Láàbù. Fúnfun kan wà nísàlẹ̀ lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀rún náà ń ṣe gan-an kó tó silẹ̀? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló ń gba CO2 mọ́ra?

Alámáìnì

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Kílógíráàmù kan omi yín ní 300 g MEA, ìyẹn mol 4.9. Tí ó bá gba 0.4 mol fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, CO2 tó wà nínú rẹ̀ á tó 86 g. Ẹ̀rún 0.1% jẹ́ 1 g. Ká ní ó lè gbé mílímol kan CO2 fún gíráàmù kan, ìyẹn 0.044 g. Nítorí náà, ẹ̀rún kì í fi kún àyè ẹrù rárá. Alábàárù ni: á gbé CO2 níbi tí omi ti pàdé gáàsì, á sọ ọ́ kalẹ̀ sí àárín omi, á tún padà. Ìrìn rẹ̀ tún máa ń ru omi tó wà lẹ́bàá rẹ̀ díẹ̀. Àwọn kan tún máa ń sọ pé ẹ̀rún ń fọ́ èéfóò (bubble) gáàsì sí wẹ́wẹ́. Òótọ́ nìyẹn nínú òpó tí a ti ń fẹ́ gáàsì sínú omi, ṣùgbọ́n nínú mẹ́ńbírénì kò sí èéfóò, nítorí náà ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àlàyé yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni bí ọ̀nà tí alábàárù yìí máa rìn ṣe gùn tó. Nínú omi lásán, ìpele tí CO2 ní láti là kọjá kó tó dé àárín omi lè jẹ́ 20 µm sí 190 µm, bí ìṣàn bá ṣe rí. Ẹ̀rún 20 nm ní àyè rẹpẹtẹ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àbájáde inú omi lásán fi máa ń dára. Nínú MEA 30% ní 25 °C, MEA ń jẹ CO2 kíákíá débi pé CO2 kì í rìn ju nǹkan bí 0.2 µm lọ kó tó tán. Ẹ̀rún tó dá dúró ní 20 nm ṣì lè wọ ibẹ̀. Èyí tó ti ṣù pọ̀ di 300 nm tóbi ju ìpele náà fúnra rẹ̀ lọ. Kò lè gbé nǹkan kan kọjá, ó kàn ń mú kí omi ki sí i ni.

Nítorí náà, èrè tí ẹ̀rún lè mú wá nínú MEA kéré láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ìṣùpọ̀ díẹ̀ sì tó láti gbà á kúrò. Ìyá Láàbù ló tọ̀nà lórí ohun tó kọ́kọ́ ṣẹ̀. Ti OníPọ́ǹpù ló tẹ̀lé e, ó sì ṣe é ṣe kó jẹ́ òun ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìjáwálẹ̀ yẹn, nítorí pé àìsí ẹ̀rún nìkan ì bá kàn dá yín padà sí ti MEA lásán ni. Tiyín ti lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

OníPọ́ǹpù

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni kí gbogbo èèyàn kà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kẹ́mí_Akẹ́kọ̀ọ́

Ó ti yé mi. Tí a bá wá fi silica rọ́pò alumina ńkọ́? Báwo ni ká ṣe po ó? Àwọn kan ní ká fi SDS (èròjà tó dà bí ọṣẹ) sí i kí ẹ̀rún má baà ṣù pọ̀.

Ìyá_Láàbù

Silica sàn jù. pH 2 sí 3 ni iná ara rẹ̀ ti ń di òdo, nítorí náà láti 12 dé 8 kò kọjá ibẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí pH bá kọjá 10, pàápàá nínú ooru. Ẹ má fi omi tuntun sílẹ̀ nínú ìgò fún ìgbà pípẹ́ kí ẹ tó lò ó. Kò sì bọ́ lọ́wọ́ iyọ̀ tí mo sọ. Èyí tí wọ́n ti so pólímà gígùn mọ́ ara rẹ̀ ló máa ń fara da iyọ̀, torí pé pólímà ló ń jìnnà wọn síra, kì í ṣe iná.

Pípo kílógíráàmù kan, silica 0.05%:

1. Ẹ wọn silica 0.5 g nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, pẹ̀lú ìbòjú P100. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyẹ̀fun gbígbẹ ló léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá ti bọ́ sínú omi, ewu ti dínkù gan-an.
2. Ẹ da sínú 400 g omi tí kò ní iyọ̀ rárá, kí ẹ rò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.
3. Ẹ fi ọ̀pá sonicator (ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì ohùn tú ìṣùpọ̀ ẹ̀rún ká) sí i fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú, kó máa ṣiṣẹ́ kó máa sinmi, kí ìgò wà nínú yìnyín. Ẹ má jẹ́ kí ìgbóná kọjá 30 °C.
4. Nínú ìgò mìíràn, ẹ da 300 g MEA díẹ̀díẹ̀ sínú 299.5 g omi. Ó máa gbóná. Ẹ dúró kó padà sí 25 °C.
5. Ẹ da omi silica sínú omi MEA nígbà tí ẹ ń rò ó. Ẹ má ṣe é ní ìdàkejì: tí MEA bá ń kán sínú omi silica, ibi tó kán sí á le jù fún ẹ̀rún kó tó tàn kálẹ̀.

Ẹ má fi ọ̀pá sonicator sínú omi tó ti ní MEA. Ooru á mú kí amáìnì gbẹ lọ, ìwọ̀n 30% yín á yí padà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, tàìtáníọ́mù orí ọ̀pá náà á sì máa jẹ sínú omi.

Kí ẹ tó gbé e dé mẹ́ńbírénì, ẹ fẹ́ CO2 sínú díẹ̀ nínú rẹ̀ títí yóò fi gba 0.4 mol fún mol. Ẹ jẹ́ kó dúró ní 40 °C fún wákàtí 24 láìfọwọ́ kàn án. Ẹ fa omi ní 2 cm sí ojú rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ wò ó ní 550 nm ṣáájú àti lẹ́yìn. Tí ó bá ti sọ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá nù, èmi kì í jẹ́ kó wọ inú okùn.

SDS ńkọ́? Mo fi í sílẹ̀ fún OníPọ́ǹpù.

OníPọ́ǹpù

Rárá, ẹ má fi SDS sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú agbára ojú omi wálẹ̀, agbára ojú omi yẹn sì ni ìlẹ̀kùn tó ti ihò pa. Bí γ bá wálẹ̀ sí 0.040 tí igun sì di 92°, ìṣirò òkè yẹn á fún yín ní 0.28 bar. Ìfúnpá tí à ń fi omi sí ju gáàsì lọ kí gáàsì má baà hó sínú omi sábà máa ń jẹ́ 0.2 sí 0.5 bar. Ẹ ti wọ ihò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ tún rántí ìfúnpá tí ìṣàn fúnra rẹ̀ ń mú wá. Nínú okùn 220 µm tó gùn ní 25 cm, tí omi ń rìn ní 0.05 m/s tí ó sì ki tó 2.5 mPa·s, ìyàtọ̀ àárín ẹnu àbáwọlé àti àbájáde á tó 0.2 bar. Ẹnu àbáwọlé ni ìfúnpá ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà ni ihò ti kọ́kọ́ máa ń rin. Géèjì àbájáde nìkan ò lè fi í hàn yín.

Gbígbẹ_Ni_Mo_Fẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, èmi rò pé ẹ ń gbé ẹ̀rún síbi tí kò yẹ. Nánò ti wúlò gan-an nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ara mẹ́ńbírénì ló ti wúlò, kì í ṣe inú omi. Silica tí a fi èròjà onífúlóríìnì bò, tí a tẹ́ sójú PVDF (ike tó ní fúlóríìnì) tàbí polypropylene, lè gbé igun omi kọjá 150°. Ojú náà á rí ṣágiṣàgi, afẹ́fẹ́ á há sáàárín ẹ̀rún, omi á kàn jókòó lórí wọn. Ẹ fi 150° sínú ìṣirò OníPọ́ǹpù kí ẹ wo iye tó máa jáde.

Ọ̀nà rẹ̀ kò le: ẹ fọ okùn pẹ̀lú ethanol, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ rì í sínú silica tó wà nínú ethanol pẹ̀lú fluorosilane (èròjà onífúlóríìnì tí mo wí), ẹ fà á jáde ní ìyára kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ sì gbẹ ẹ́ nínú ooru tí polypropylene lè fara dà. Ní PVDF, ẹ ṣọ́ra fún amáìnì tó gbóná, torí pé nǹkan alkali máa ń yọ fúlóríìnì kúrò lára rẹ̀, okùn náà á pọ́n, á sì máa kán.

Alámáìnì

Mo fara mọ́ apá tó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yín, àyàfi ibi ìṣirò. 150° jẹ́ ti ojú ṣágiṣàgi lóde. Inú ihò fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ polypropylene tí igun rẹ̀ kò yí padà. Àfi tí èròjà náà bá wọ ẹnu ihò, tí kò sì dí i. Tó bá nípọn jù, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín dín ihò kù. Ẹ fi nitrogen wọ̀n bí gáàsì ṣe ń gba ògiri okùn kọjá ṣáájú àti lẹ́yìn ìtẹ́sójú. Tí ó bá wálẹ̀ gan-an, ìtẹ́sójú yẹn ti pọ̀ jù.

Ohun kan tún wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rún inú omi wúlò, ẹ yan omi tí ìpele rẹ̀ gùn. MDEA (amáìnì mìíràn) kì í dá carbamate sílẹ̀ (èròjà tí MEA àti CO2 ń para pọ̀ dì), ó ń gba CO2 lọ́ra, nítorí náà alábàárù ní ọ̀nà láti rìn níbẹ̀. Iyọ̀ amino acid bíi potassium glycinate ní ti ẹ̀ dára fún ihò, torí pé kì í mú agbára ojú omi wálẹ̀ bí MEA ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rún tí iná nìkan ń gbé dúró á ṣù pọ̀ nínú rẹ̀ kíá.

Okùn_Irin

Ẹ jọ̀ọ́, magnetite Fe3O4 ńkọ́? A lè fi mágínẹ́ẹ̀tì kó o kúrò kó tó dé ibi tí a ti ń fi ooru yọ CO2 jáde.

Alámáìnì

Èrò yẹn dára fún ibi ooru, torí pé ní 120 °C tí a ti ń sè MEA, ẹ̀rún a máa dì mọ́ ara páìpù tó gbóná, ooru ò sì ní gba ibẹ̀ kọjá dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n irin tó bá yọ́ sínú MEA ń mú kí ọ́síjìn tètè ba MEA jẹ́, èéfín gidi sì ní ọ́síjìn nínú. Gáàsì tí Kẹ́mí ń lò, CO2 àti nitrogen nìkan, kò lè fi ìṣòro yẹn hàn. Ẹ bo Fe3O4 náà pẹ̀lú silica, kí ẹ sì máa wọn irin inú omi. Tí irin bá ń pọ̀ sí i, ẹ dá a dúró.

Kẹ́mí_Akẹ́kọ̀ọ́

Mo dúpẹ́ gan-an. Mọ́dúù (àpò tí a kó okùn sí) tó wà nílẹ̀ yìí, báwo ni ká ṣe mọ̀ bóyá ihò rẹ̀ rin ni àbí ẹ̀rún dí inú okùn?

OníPọ́ǹpù

Géèjì ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹ fi omi lásán gba inú okùn ní ìṣàn kan náà tí ẹ lò nígbà tó ṣì wà ní tuntun. Tí fífẹ̀ okùn bá ti dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyàtọ̀ ìfúnpá á fò sókè ní nǹkan bí 50%, torí pé fífẹ̀ ní ipá mẹ́rin nínú ìṣirò náà. Tí ìfúnpá kò bá yí padà, okùn ò dí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àbájáde gáàsì. Ẹ̀kán omi níbẹ̀ túmọ̀ sí pé omi ti la ògiri já, tàbí pé oru omi ń di omi lójú ọ̀nà. Ẹ fi pH wò ó: tó bá jẹ́ MEA, á ga. Tó bá jẹ́ oru omi ni, ẹ mú gáàsì gbóná dé ìgbóná omi kí ẹ tó jẹ́ kó wọlé, torí pé gáàsì tútù tó pàdé omi 40 °C máa ń jẹ́ kí oru di omi nínú ihò. Àwọn tó ń wá ìdí ihò rírin kì í sábà rántí èyí.

Ní ìparí, ẹ da omi jáde, ẹ fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fi isopropanol lé omi kúrò nínú ihò, kí ẹ sì fi nitrogen 40 sí 50 °C gbẹ ẹ́ títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Ẹ fi MEA lásán tún un wọ̀n. Tí CO2 bá padà sí ti tuntun, rírin lásán ni. Tí kò bá padà, tàbí tó padà tó sì tún tètè já, ẹ̀rún ti lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò tàbí amáìnì ti rọ ojú polypropylene, ẹ máa wá mọ́dúù mìíràn. Tí ẹ bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi ṣáájú gáàsì. Tí ẹ bá fẹ́ dá a dúró, ẹ ti gáàsì kí ẹ tó pa pọ́ǹpù. Kí asẹ́ 5 µm sì wà ṣáájú mọ́dúù.

Ìyá_Láàbù

Mo fẹ́ fi kan kún un lórí ìfiwéra. Omi tí ẹ fi ń yípo láìsè é máa kún fún CO2, ohun tó ń gbà á sì já wálẹ̀ bí ẹ̀rún wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ẹ má fi wákàtí ṣe ìfiwéra, ẹ fi CO2 tó ti wà nínú omi ṣe é: omi oní-ẹ̀rún ní 0.2 mol fún mol lẹ́gbẹ̀ẹ́ MEA lásán ní 0.2. MEA lásán náà gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà kan náà, kí ẹ fi sonicator sí omi rẹ̀ bákan náà. Kí ẹ sì fi ásíìdì yọ CO2 inú ẹ̀kán omi kí ẹ wọn gáàsì tó jáde, kí ẹ fi í wé iye tó dín nínú gáàsì láti àbáwọlé dé àbájáde. Tí ọ̀nà méjèèjì bá yàtọ̀ síra ju 5% lọ, níbì kan gáàsì ń jò, tàbí mítà ìṣàn kò tọ̀nà, ẹ wá a kí ẹ tó ṣe èyí tó kàn.